Òdòdó Ẹ̀wà Kì í Wá Ọkọ Lọ Síta



Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń ta irúgbìn lọ́jà Ẹlẹ́yẹlé, ó sì kan àwọn tí ń roko nítòsí adágún omi tí wọ́n dí odò Ọnà ṣe ní ọdún 1942. Bí àgbẹ̀ bá gbin ẹ̀wà funfun, tí pupa bá a hù, ta ni kí á dá lẹ́bi? Ṣé oyin ni?

Ẹ wo òdòdó ẹ̀wà dáadáa. Akọ àti abo jọ ń gbé inú rẹ̀ ni, òdòdó náà sì pa ẹnu dé mọ́ wọn bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Kí ó tó ṣí láàárọ̀, lẹ́búlẹ́bú ara akọ ti dà sórí abo. Nígbà tí oyin yóò fi dé, iṣẹ́ ti parí. Oyin lè gbé díẹ̀ lọ sí òdòdó mìíràn, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Nítorí náà, olóyin tí ẹ gbìn lọ́dún yìí, olóyin ni yóò so.

Inú àpò ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ wò, àti inú kọ́ńgò tí a fi wọn oríṣi méjì láìgbọ̀n ọ́n. Ẹni tí ó bá da ẹ̀wà pọ̀, kí ó sọ fún oníbàárà tí ó fẹ́ gbìn ín.

Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè orí ni akọ rẹ̀ wà, irun ẹnu ọmọ rẹ̀ ni abo, atẹ́gùn sì ni alárinà. Ẹ̀gúsí ní tirẹ̀, oyin ni ó ń ṣe é lóore. Ẹni tí ó fín oògùn kòkòrò nígbà tí òdòdó rẹ̀ là, ara rẹ̀ ni ó fín in sí. Dàbínù tilẹ̀ le jù: igi akọ lọ́tọ̀, igi abo lọ́tọ̀. Nínú hadisi tí Imam Muslim gbà wá, àwọn ará Mẹ̀dínà ń fi ọwọ́ gbé ti akọ fún abo láyé Ànábì wa (S.A.W.).

Ní ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà SAMPEA 20-T, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ Sáríà, tí kòkòrò Maruca tí ń jẹ òdòdó àti èso kò lè bàjẹ́. Bí òdòdó ẹ̀wà yòókù ni tirẹ̀ náà rí: ẹni tí ó bá tọ́jú irúgbìn rẹ̀ mọ́ yóò rí i kórè lọ́dún kejì.

Ní IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1967, ẹ̀wà tí wọ́n tọ́jú ju oríṣi 15,000 lọ. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ fi oríṣi kan gun èkejì, wọn a la òdòdó tí kò tíì ṣí, wọn a yọ akọ inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà ń ṣe é, nítorí bí ó bá di àárọ̀, ẹ̀wà ti gbéyàwó fún ara rẹ̀.