Kíláàsì Tí Ọmọ Ti Lè Sọ Pé Kò Yé Òun

Ní tááàmù àkọ́kọ́ tí ọmọ mi Àbẹ̀kẹ́ wọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ńṣe ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tí kì í jẹ́ ká gbọ́ràn kó tó jẹun àárọ̀ tán wá di ẹni tó ń fi orí dáhùn. A rò pé ibà ni. Ilé-ìwé tí a fi í sí dùn ún wò: táìsì funfun látẹnu géètì, àwòrán aláràbarà lára ògiri, yàrá kọ̀ǹpútà tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ mú un kí wọ́n tó jáde ni mo tó mọ ohun tó ń ṣe é. Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Tíṣà kọ ìṣirò ìyọkúrò sójú pátákó, ó yíjú sí wọn, ó béèrè ẹni tí kò yé. Kò sẹ́ni tó nawọ́. Ó tún béèrè. Gbogbo wọn pariwo pa pọ̀ pé ó yé àwọn. Pàṣán wà níbùú lórí tábìlì. Ìwé Àbẹ̀kẹ́ ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ wò bó bá ń wá ilé-ìwé fọ́mọ ni bóyá ọmọ lè lanu níbẹ̀ kó ní "kò yé mi" láìsí pé àyà rẹ̀ ń já. A máa ń béèrè iye owó, a máa ń béèrè bọ́ọ̀sì, a máa ń béèrè bóyá àwọn ọmọ ibẹ̀ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geere. Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti pa ẹnu mọ́, kò sí olùkọ́ tó lè mọ ibi tí ẹ̀kọ́ ti já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti èmi nìkan. Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀, díẹ̀ nínú ìwádìí náà sì wáyé nítòsí wa níbí.

Ní ọdún 2011, Victoria Talwar àti Kang Lee, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní Kánádà, gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé-ìwé aládàáni méjì ní ìlú kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àdúgbò kan náà ni àwọn ilé-ìwé náà wà. Ní ọ̀kan, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń na ọmọ, tí wọ́n ń gbá a lórí, tí wọ́n ń ja á léèékánná, kódà bó bá gbàgbé pẹ́ńsù sílé. Ní èkejì, ìbáwí wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni, tàbí kí wọ́n ní kí ọmọ lọ jókòó sọ́tọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ìwádìí á mú ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó, á gbé ohun ìṣeré sẹ́yìn rẹ̀, á ní kó fi ìró rẹ̀ mọ ohun tó jẹ́. Lẹ́yìn náà á sọ fún ọmọ pé kó má wẹ̀yìn, òun á sì jáde. Ta ni kò mọ ọmọdé? Púpọ̀ nínú wọn ló wẹ̀yìn, ní ilé-ìwé méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n wẹ̀yìn ni ìyàtọ̀ dé. Ní ilé-ìwé tí kò sí pàṣán, ó lé díẹ̀ ní ìdajì àwọn tó wẹ̀yìn ló purọ́. Ní ilé-ìwé onípàṣán, ó kù díẹ̀ kí gbogbo wọn purọ́ tán, wọ́n sì mọ̀ ọ́n pa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ: bí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ni ohun ìṣeré náà, wọ́n á díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti kọ́ bí a ṣe ń fi ojú bo nǹkan mọ́lẹ̀. Kíláàsì tí gbogbo ọmọ ti ń pariwo pé ó yé àwọn kò jìnnà sí i.

Nínú ìwádìí mìíràn ní irú àwọn ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n wo ọgbọ́n tí ọmọ fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu, tó fi ń rántí ìlànà, tó fi ń ronú kó tó ṣe nǹkan. Nígbà tí àwọn ọmọ fi dé kíláàsì kìíní, àwọn tí wọn kì í nà ti ta àwọn tí wọ́n ń nà yọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé pàṣán ló sọ àwọn dèèyàn. Èmi náà jẹ ẹgba níléèwé. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa tó sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra, kò fìgbà kan fi ọwọ́ ọ̀tún ṣeré. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni mo ń wá kiri nínú kíláàsì.

Kì í ṣe pàṣán nìkan ló ń pa ọmọ lẹ́nu mọ́; èdè pàápàá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti rí bí àgbàdo ṣe ń hù lẹ́yìnkùlé, tó mọ̀ pé aṣọ tó tutù ń gbẹ bí oòrùn bá ràn, ó ní ohun tó fẹ́ sọ nípa sáyẹ́ǹsì. Bí ẹ bá ní kó sọ ọ́ ní èdè tí kò tíì gbọ́, ọ̀rọ̀ náà á kú sí i lọ́fun. Èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Ifẹ̀ rí tí wọ́n fi dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́, Ford Foundation sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà náà, bí ìjọba ṣe ń ṣe é ni pé kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́ta, kí wọ́n wá yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù. Fáfúnwá ní kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà ní gbogbo ìmọ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, kí olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, wọ́n ní láti wá Yorùbá fún ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fi Yorùbá pè rí.

Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ òbí. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì? Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí wọ́n yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, àwọn ọmọ oní-Yorùbá ló ṣe dáadáa jù, nínú ìṣirò, nínú sáyẹ́ǹsì, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀; níbẹ̀ náà ni wọ́n ti fi hàn pé ọgbọ́n ọmọdé nílò ẹnu tó fi máa jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí ti padà di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ìparí ọdún 2022, Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì máa jẹ́ èdè ìkọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi lọ. Ó ní àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB. Èmi kò rò pé ìdáhùn yẹn tó. Ọmọ tí kò ní ìwé, tí kò ní olùkọ́ tó mọṣẹ́, á fìdí rẹmi ní èdè yòówù. Fáfúnwá kọ́kọ́ wá ìwé àti olùkọ́ ná. Ṣùgbọ́n òfin tí wọ́n ṣe ní Àbújá kò sọ ohun tí tíṣà máa ṣe lọ́la bí ọmọ bá fi Yorùbá béèrè ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni kí òbí lọ fojú ara rẹ̀ rí. Àwọn ilé-ìwé kan ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Bí èyí tí ẹ fẹ́ mú ọmọ lọ bá wà nínú wọn, ẹ wá òmíràn. Bákan náà ni ọmọ wa tí wọ́n bí ní London tàbí Houston, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ronú: tí wọ́n bá mú un wálé, ẹ má ṣe fi àìgbọ́ Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì.

Èrò tó pọ̀ jù nínú kíláàsì ńkọ́? Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ọmọ tó lé ní 800,000 ló wà ní ilé-ìwé ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ohun ìyanu ni, a ṣì ń jẹ èrè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni kíláàsì tó kún ti ń bá wa gbé. Ìlànà Ìjọba Àpapọ̀ ní kí ọmọ 35 jẹ́ ti olùkọ́ kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ti wọ ilé-ìwé ìjọba láìpẹ́ mọ̀ bó ṣe rí níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, láti 1985, wọ́n fi ìbò pín ọmọ tó lé ní 11,000 sí kíláàsì, àwọn kan sí ti ọmọ 13 sí 17, àwọn yòókù sí ti 22 sí 25. Àwọn tó wà ní kíláàsì kékeré mọ ìwé kà sí i, wọ́n sì mọ ìṣirò sí i. Àwọn ọmọ tálákà àti ọmọ aláwọ̀ dúdú ló jàǹfààní rẹ̀ jù. Kò yà mí lẹ́nu. Olùkọ́ tó ní ọmọ 15 á rí àtẹ́lẹwọ́ tí ọmọ fi bo ìwé.

Ọ̀pọ̀ wa kò lágbára kíláàsì ọmọ 15. Àwọn ará India rí ọ̀nà kan tí kò gba owó púpọ̀. Ẹgbẹ́ Pratham, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé bíi Abhijit Banerjee àti Esther Duflo tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2019, fi hàn pé bí wọ́n bá yọ wákàtí díẹ̀ sọ́tọ̀ lójúmọ́, tí wọ́n pín ọmọ gẹ́gẹ́ bí ohun tí oníkálukú lè kà dípò ọjọ́ orí rẹ̀, ọmọ tó ti ń rá pálá á gbéra. Ìdánwò tí wọ́n fi ń pín wọn kò ju bébà kan lọ: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú, ìtàn. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé pẹ̀lú bébà àti bírò. Ẹ mú èsì rẹ̀ lọ bá tíṣà, kí ẹ béèrè ohun tó máa ṣe fún ọmọ tó bá dúró sórí ọ̀rọ̀. Bó bá ní kí ẹ san owó léèsìnnì, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn kan. Bó bá bi yín pé ọ̀rọ̀ wo gan-an ló ń dà á láàmú, ìdáhùn mìíràn nìyẹn.

A yọ Àbẹ̀kẹ́ kúrò ní tááàmù kejì. Ilé-ìwé tí a mú un lọ kò ní táìsì, páànù rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Mo ní kí ìyá tó ni ín jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún wákàtí kan, kò sì bá mi jiyàn. Ọmọ 28 ló wà níbẹ̀. Ìyọkúrò náà ni wọ́n ń ṣe. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Àǹtí, kò yé mi o." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àǹtí na ìka sẹ́nu pé kí wọ́n dákẹ́, ó da ìdérí kóòkì méjìlá sórí tábìlì, ó ní, "Ó ṣeun tó o sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà." Ọmọ náà mú méje kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ka ìyókù lóhùn rara.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá mo ra ẹyin méjìlá bọ̀ láti ọjà. Mo wò ó fìrí, mo ní ó pé. Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú abọ́.

"Dádì, kò pé o," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ tún un kà."

Mọ́kànlá ni.