Ẹyẹ Etí Adágún Èrìnlẹ̀: Òótọ́ àti Irọ́

Adágún tí dáàmù Òkìnní dá sílẹ̀ lórí odò Èrìnlẹ̀ kò jìnnà sí Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kó èèyàn jọ lọ wo ẹyẹ létí rẹ̀, kí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀.

"Òyìnbó tí kò ríṣẹ́ ṣe ló ń wo ẹyẹ."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọdẹ ni ìtàn pe Èrìnlẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó di odò, ọdẹ wo ni kò sì mọ ohùn ẹyẹ? Láti 2015 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń ya máàpù ẹyẹ orílẹ̀-èdè yìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project. Wọ́n pín ilẹ̀ sí abala abala, ìkọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà 9 ní òró àti ní ìbú. Ẹni tó bá wọ ọ̀kan yóò lo wákàtí 2, ó kéré tán, láti kọ gbogbo ẹyẹ tó rí tàbí tó gbọ́ sílẹ̀.

"Ìgbà yòówù tí a bá dé, ẹyẹ á wà níbẹ̀."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí oòrùn bá ti mú, ọ̀pọ̀ ẹyẹ á wọ ibòòji. Ẹ ti débẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí ẹ sì gba etí ìlà-oòrùn, kí oòrùn lè wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó bá kọjú sí i, òjìji lásán ni yóò rí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù: omi á fà, ẹrẹ̀ á yọ, àwọn ẹyẹ tó sá fún òtútù Yúróòpù á sì wà lọ́dọ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kẹrin.

"Lékèélékèé ló ń fún ọmọdé ní èékánná funfun."

Ta ni kò na ọwọ́ sí i rí? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí nǹkan bá gbá ìdí èékánná, àpá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ funfun yẹn. Ẹ sàmì sí ibi tó wà lónìí, kí ẹ tún wò ó lóṣù tó ń bọ̀: yóò ti sún síwájú, títí a ó fi gé e dànù. Lékèélékèé ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́sẹ̀ màlúù: màlúù á gbẹ́sẹ̀, tata á ta, ọrùn á nà gbọọrọ, tata á pòórá. Ẹyẹ yìí kan náà fi ìyẹ́ ara rẹ̀ ré Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Nígbà tó fi di 1953, ó ti ń yé, ó ń pa ní Florida.

"Ẹyẹ àjẹ́ ni òwìwí."

Igbe rẹ̀ lóru ń dẹ́rù bani, n kò bá ẹni tó sá wí. Ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ wà lábẹ́ igi tó ń sùn sí. Òwìwí a máa gbé eku mì lódindi, a sì máa pọ irun àti egungun rẹ̀ padà ní ṣíṣù. Ẹ fi igi tú ṣíṣù náà. Agbárí eku lẹ ó bá níbẹ̀. Kí ẹ sì kìlọ̀ fáwọn ọmọdé tó bá yín lọ pé kí wọ́n má sọ ẹyẹ náà lókùúta.