Ẹ̀yin Olórin Inú Yàrá, Ẹ Fi Ètò Ayédèrú Sílẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kọrin nílùú Jos níbí, ìbáà ṣe akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, oníwákà tàbí onífújì, ti sọ yàrá wọn di sítúdíò. Láptọ́ọ̀pù kan, makirofóònù kan, iṣẹ́ ti yá. A kí wọn kú iṣẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti rí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, àwọn mìíràn á máa họrí. Ayédèrú ni, èyí tí àwọn kan já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pín kiri.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin nìkan. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa ń gbé kòkòrò wọnú kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tó bá sì dáṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti gbà lè bá a lọ. Orin tiyín, ẹ lè tún un kọ. Oríkì tí ìyá àgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kì síbẹ̀ ńkọ́, bí ìyá bá ti sùn? Àwọn ọmọ wa tí Hausa yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ibo ni wọ́n á ti gbọ́ ọ?

Ọ̀fẹ́ ni Audacity, láti ọdún 2000 ló sì ti wà. Fún oríkì àti ewì, ó tó. Ẹni tó fẹ́ to ohùn púpọ̀ lé ara wọn, kó wo Reaper, tó jáde lọ́dún 2006. 60 dọ́là ni ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tó ń lò ó fún ara rẹ̀ tàbí fún òwò kékeré, wọ́n sì ń fúnni ní 60 ọjọ́ láti kọ́kọ́ dán an wò. Lójú náírà, owó ni, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ẹgbẹ́ akọrin lè dá a.

Kẹ́ ẹ tó pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ rántí pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe nínú ètò kan kì í sábà ṣí nínú òmíràn. Ẹ kó ohùn kọ̀ọ̀kan jáde ní WAV: gángan lọ́tọ̀, agbórin lọ́tọ̀, elégbè lọ́tọ̀. Kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí orin, bí elégbè ò bá tiẹ̀ tíì lanu, kí wọ́n lè bára mu lọ́hùn-ún.

Ìyókù kò nílò dọ́là. Òtútù Jos ti jẹ́ ká ní kúbùsù nílé; ẹ fi kọ́ ara ògiri, yàrá ò ní máa dún wọ̀ọ̀. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ẹ má jẹ́ kí gángan sún mọ́ makirofóònù jù, torí ohùn tó bá ti fọ́ níbi gbígbà, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn. Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọmọ ìyá yín tó wà nílùú mìíràn.