Ọmọ Òrukàn gẹ́gẹ́ bí Àfiwé Ẹlẹ́lọ̀ọ́ nínú Èdè àti Lítíréṣọ̀ Alohùn Bùlgáríà

1.0 Ìfáàrà
Ọmọ òrukàn ni ọmọ tí òbí rẹ̀ ti kú. Nínú èdè Bùlgáríà, tí ó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èdè Slavic ti gúúsù, ìlò ọ̀rọ̀ yìí gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èrò iṣẹ́ yìí ni pé àìlẹ́bí, kì í ṣe ikú òbí nìkan, ni ìpìlẹ̀ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe.

2.0 Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀ Náà
Sirak ni ọmọ òrukàn. Sirache ni wọ́n ń pe èyí tí ó kéré. Gbòǹgbò Slavic àtijọ́ tí àwọn méjèèjì ti wá ń tọ́ka sí ẹni tí ó pàdánù ènìyàn rẹ̀. Inú gbòǹgbò yìí kan náà ni siromah, 'tálákà', ti jáde. Ní èdè Lituéníà, šeirys tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀ túmọ̀ sí ọkùnrin tí aya rẹ̀ kú. Nítorí náà, ọmọ nìkan kọ́ ni gbòǹgbò náà ń bá wí. Ẹni tí kò lẹ́bí ni ó di òtòṣì.

3.0 Orin àti Àlọ́
Nínú àwọn orin ìgbéyàwó kan, ìyàwó tí ó jẹ́ òrukàn a máa lọ sí ibojì láti pe òbí rẹ̀ síbi ayẹyẹ. Àìsí ẹni tí yóò súre fún un ni ó ń dárò. Nínú àlọ́ Zlatnoto momiche, 'Ọmọbìnrin Oníwúrà', ìyàwó bàbá mú kí wọ́n fi ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú sílẹ̀ nínú igbó. Ìyá arúgbó kan gbà á sílé. Ọmọ náà tọ́jú ilé, ó fún ejò àti alángbá ibẹ̀ lóúnjẹ, odò sì sọ ọ́ di oníwúrà. Ìbátan tuntun ni ó gbà á lọ́wọ́ òrukàn.

4.0 Ìlò Òde Òní
Ní 2007, fíìmù tí BBC gbé jáde nípa ilé ìtọ́jú ọmọ ní Mogilino pe àkíyèsí ayé sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní 2010, ìjọba Bùlgáríà gbé ètò kalẹ̀ láti máa tì wọ́n. Òbí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè. Òṣì àti àbùkù ara ni ó kó wọn débẹ̀. Bí a bá pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní òrukàn, a ti sin òbí rẹ̀ láàyè.

5.0 Àgbálọgbábọ̀
Nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀, àìlẹ́bí ni ó ń bí òṣì. Nínú ilé ìtọ́jú ọmọ, òṣì ni ó bí àìlẹ́bí. Ó yẹ kí onímọ̀ èdè ya méjèèjì sọ́tọ̀.