Peredwan

Peredwan jẹ́ òṣùwọ̀n wúrà láàrin àwọn Akan, pàápàá jù lọ ní ilẹ̀ Asante, ní orílẹ̀-èdè Gánà òde òní. Ó tó áúńsì 2¼, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 70. Nígbà tí wúrà lẹ́búlẹ́bú jẹ́ owó ilẹ̀ Asante, peredwan kì í ṣe orúkọ ìwọ̀n nìkan; orúkọ owó ni pẹ̀lú, owó ńlá sì ni. Fún ọjà wẹ́wẹ́, ìwọ̀n kéékèèké bíi damma ni wọ́n ń lò, èyí tí kò ju hóró iwéréjéjé kan lọ.

Oníṣòwò a máa gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ dání, pẹ̀lú àwọn idẹ tí ó fi ń wọn wúrà. Òmíràn nínú idẹ wọ̀nyí dà bí ẹja, òmíràn bí ẹyẹ tí ó kọjú sẹ́yìn. Ẹwà wọn ni ayé ń wò lónìí; bí wọ́n ṣe wúwo tó ni ó jẹ ọlọ́jà lógún, nítorí pé orúkọ kan náà lè ní ìwọ̀n méjì. T. E. Bowdich, tí ó dé Kumasi ní 1817, kọ ọ́ pé idẹ ọba fi ìdámẹ́ta wúwo ju ti ará ìlú lọ. Idẹ ọba ni wọ́n fi ń wọn owó oúnjẹ ààfin jáde, ti ìlú ni wọ́n sì fi ń ná an. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ti alásè àti àwọn ìjòyè ààfin, nítorí pé àbùkù ni wọ́n kà á sí kí ọba máa san owó iṣẹ́ fún ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní gbangba.