Bí Ìrìn-àjò Sí Ilé Kò Ṣe Ní Sú Àwọn Ọmọ

Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi, ọ̀pọ̀ ìdílé tí ń gbé ní Èkó a máa kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ìlú baba wọn, yálà ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn tàbí ní ibi tí ó jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún kìíní, inú àwọn ọmọ a máa dùn. Ní ọdún kejì, ayọ̀ náà a dín kù. Nígbà tí yóò bá fi di ọdún kẹrin, òmíràn nínú wọn a máa bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi òun sílẹ̀ ní Èkó. Kò yẹ kí òbí fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ tí ọ̀nà ilé bá ti sú ní kékeré, bóyá ni yóò tún tọ̀ ọ́ nígbà tí ó bá dàgbà. Odò tí ó bá sì gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ohun tí ń fà á kò fara sin. Àwọn àgbà ni ń dá gbogbo ètò ṣe, àwọn ọmọ a sì dà bí ẹrù tí a dì sínú ọkọ̀. Àwọn òbí kan rò pé kí a ná owó sí i, tàbí kí a kó wọn dé ibi mẹ́fà ní ọjọ́ kan, ni àtúnṣe rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ń mú kí ìrìn-àjò wu ọmọ ni pé kí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó sì rí ohun tuntun kan tí ó yé e yékéyéké.

Láti ilé ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn òbí ya àwòrán ọ̀nà sórí ìwé, kí wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ìlú tí wọn yóò là kọjá sí i. Kí ẹ̀gbọ́n tí ó ti mọ̀ ọ́n kà máa fi àmì sí orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti ń dé ibẹ̀. Kí àbúrò máa ka iye afárá.

Ọ̀nà kan náà pàápàá ṣeé pààrọ̀. Ìdílé tí ó bá wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ọdún kan lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní ọdún kejì. Ní 1901 ni ojú irin àkọ́kọ́ ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 2021 ni a ṣí ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ń kó èrò lórí irin tí ó gùn tó kìlómítà 157, tí ó gba Agége àti Kájọlà dé Abẹ́òkúta, kí ó tó já sí Mọ́níyà ní Ìbàdàn.

Bí wọ́n bá yà ní Abẹ́òkúta, Òkè Olúmọ nìkan tó fún ọjọ́ kan. Kí a sọ fún ọmọ pé abẹ́ àpáta yìí ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibẹ̀ ní 1830, àti pé ibẹ̀ ni ìlú náà ti gba orúkọ. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ àpáta. Ìtàn náà yóò yé e ju ti inú ìwé lọ.

Ní Ìbàdàn, kí àwọn ọmọ dúró ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n ka àjà Cocoa House. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Ní 1965 ni a kọ́ ọ parí, òógùn àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni owó rẹ̀ sì ti wá. Bí bàbá àgbà bá ti ṣe oko kòkó rí, kí ó sọ fún wọn bí a ti ń fọ́ kòkó, tí a sì ń sá a. Nígbà náà ni wọn yóò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn baba wọn wà nínú ilé gogoro náà.

Kí òbí má gbàgbé pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ó yẹ kí ọmọdé jókòó sí, pẹ̀lú bẹ́líìtì. Kí wọ́n sì máa dúró sinmi lójú ọ̀nà, nítorí pé ọmọ tí ó ti rẹ̀ kò rí ohunkóhun mọ́.

Nígbà tí wọ́n bá padà dé, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ròyìn ohun kan tí ó rí, kí a sì tọ́jú ìwé ọ̀nà náà. Ní ọdún tí ń bọ̀, kí àwọn ọmọ fúnra wọn yan ibi tuntun tí wọn yóò yà sí. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọmọ tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i ni yóò mọ ìtàn rẹ̀ sọ fún ọmọ tirẹ̀.