Ẹ má jẹ́ kí fóònù gba ọjà mọ́ yín lọ́wọ́

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ní Ṣàngótẹ̀dó, lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ló ń fi WhatsApp, Facebook àti Instagram polówó ọjà. Èyí dára, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fóònù láti dá oníbàárà kan lóhùn lè máa wo fídíò títí wákàtí kan yóò fi kọjá, tí ẹni tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò sì bá tirẹ̀ lọ.

Kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ nìkan ló ń fà á. Lọ́dún 2006, Aza Raskin, ará Amẹ́ríkà, ṣe ọgbọ́n tí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kì í fi í tán béèyàn ṣe ń fi ìka wọ́ ọ sókè. Òun fúnra rẹ̀ ti kábàámọ̀ rẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ẹ bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ ni ìpolówó tí wọ́n ń fi hàn yín ṣe ń pọ̀ tó, owó sì ń wọlé fún wọn.

Kí lẹ lè ṣe? Ẹ kọ́kọ́ wo inú sẹ́tínsì fóònù yín, ẹ ó rí iye wákàtí tí ẹ ń lò lórí rẹ̀ lójúmọ́. Ẹ pa ariwo gbogbo ohun tí kò kan ọjà. WhatsApp Business, tó jáde lọ́dún 2018, lè bá yín dá oníbàárà lóhùn nígbà tí ọwọ́ yín bá dí. Kí ẹ wá ka iṣẹ́ tí wọ́n rán ní aago mẹ́wàá àárọ̀, méjì ọ̀sán àti mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Ẹni tó ń wo fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọjà ẹlòmíràn ló ń bá a tà.